Ṣé ká kó YAML wa sínú Pkl? Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n sinmi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Lágere níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti ẹnì kan la jọ ń bójú tó sẹ́fà. Fáìlì YAML (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tá a ń kọ config sí, ìyẹn àwọn ètò tí kóòdù máa ń kà kó tó ṣiṣẹ́) tá a ní tó ogójì, àwọn kan sì wà nínú wọn tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ wọ́n. Ọ̀gá mi rí i kà níbì kan pé Apple gbé èdè tuntun kan síta fún config, Pkl ló ń jẹ́, pé ọ̀fẹ́ ni, pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ tú u wò. Látìgbà náà, gbogbo àárọ̀ ló ń bi mí: "Ìgbà wo lẹ máa kó o síbẹ̀?" Èmi wá wo nọ́ńbà tí wọ́n fi gbé e jáde, 0.25 ni. Ohun tí kò tíì dé 1.0, ṣé orí rẹ̀ la máa gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ lé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí. Ẹ má fi èdè ìwé dá mi lóhùn.

*

Àbúrò, mo ti lò ó, mo ṣì ń lò ó. Má kó ogójì. Mú ẹyọ kan. Èyí tó yẹ kó o mú, màá sọ ọ́ tó bá yá, torí ohun kan ló lé mi débẹ̀, kì í ṣe pé mò ń wá nǹkan tuntun kiri.

Ilé kan wà ní Parakin tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé, yàrá méjìlá. Ẹni tó nilé ní kí n bá òun so pọ́ǹpù kànga mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan, Raspberry Pi, kó máa tàn fúnra rẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kó kún táńkì, kó sì pa. Mo fi èdè kóòdù Python kọ nǹkan ṣókí, mo wá fi àkókò sínú YAML, kó má baà di pé ẹni tó bá fẹ́ yí aago padà ní láti wọnú kóòdù:

    owuro: 05:30

Oṣù mẹ́rin gbáko, kò sí ìròyìn. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, omi ìdájí ò tó mọ́. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé ní kí n bá wọn fi ti ìrọ̀lẹ́ kún un. Orí fóònù ni mo ti ṣe é, lálẹ́, mo fi ìlà kan péré sí i:

    irole: 18:00

Mo bá sùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni bàbá pè mí: "Ẹ̀rọ yín ò mà tíì sọ̀rọ̀ lónìí o." Kí n tó débẹ̀, garawa ti tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé abẹ́ igi máńgòrò. Ọmọbìnrin kan tó ní ìdánwò aago mẹ́jọ ń fi pure water bọ́jú, ó wò mí láti òkè délẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó sàn kó bú mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. PyYAML, tí Python mi fi ń ka fáìlì náà, ìlànà YAML 1.1 ló ń tẹ̀ lé. Nínú ìlànà yẹn, nọ́ńbà tí kólọ́ọ̀nù bá wà láàárín rẹ̀ lè jẹ́ ìṣirò ọlọ́gọ́ta. 18:00 kì í ṣe aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lójú rẹ̀. 18 lọ́nà 60 ni, 1080. Èwo wá ni ti 05:30? Òdo ló fi bẹ̀rẹ̀, kò bá àpèjúwe ọlọ́gọ́ta mu, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìlà méjì tó jọra bí ìbejì: ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀, èkejì jẹ́ nọ́ńbà. Kóòdù mi ń retí ọ̀rọ̀ tó máa gé sí méjì níbi kólọ́ọ̀nù, ó bá 1080 pàdé, ó dákú. Nígbà tó sì ti dákú, ti ìdájí náà bá a lọ.

*

Lórí ìtàn pọ́ǹpù yìí, ẹ ti pọ̀ tẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi pé "fi àmì àyọlò sí i, ọ̀rọ̀ bùṣe."

Mo gbà. Ká ní mo fi àmì àyọlò sí ẹ̀gbẹ́ 18:00 méjèèjì ni, omi ì bá yọ. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń kọ YAML nígbà yẹn. Àmọ́ iná ti lọ, fóònù ló wà lọ́wọ́ mi, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ìlà tó wà lókè rẹ̀ kò sì ní àmì àyọlò, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ta ni kò ní ṣe bíi tòkè?

Ti ẹni tó kọ̀wé láti Iléṣà, tó ń ta aṣọ òfì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó to àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbé ọjà lọ sínú YAML ní lẹ́tà méjì-méjì: OS, OY, EK, ON. Nígbà tí ojú ewé ìsanwó ṣí, níbi tó yẹ kí Oǹdó wà, True ló wà níbẹ̀. Ìlànà 1.1 yẹn gbà pé "on" ni wọ́n ń sọ, bíi ti súìtì iná. Ó ní oníbàárà kan pè é láti Àkúrẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé True yìí ni kí n mú ni, àbí ẹ kì í gbé e dé Oǹdó?"

Àwọn òyìnbó ní tiwọn. Orílẹ̀-èdè Norway, NO ni lẹ́tà méjì tirẹ̀, YAML á sì kà á sí "rárá". Wàhálà Norway ni wọ́n ń pè é káàkiri. Tiwa níbí, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní wàhálà Oǹdó.

Ẹnì kan ní wọ́n ti tún un ṣe tipẹ́. Lóòótọ́ ni: YAML 1.2 tó jáde lọ́dún 2009 lé ìṣirò ọlọ́gọ́ta jáde, ó lé on àti off jáde. PyYAML tí èmi àti ọ̀pọ̀ yín ń lò ṣì jókòó sórí 1.1. Òfin ti yí padà, ọlọ́pàá tó wà lójú títì ò tíì gbọ́.

Kí n fi ọ̀kan sí i. Nínú 1.1 kan náà, 0750 á di 488, torí pé nọ́ńbà tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀, ìṣirò ẹlẹ́jọ ló ń kà á sí. Ẹ wá gbé nọ́ńbà fóònù wa wò. Èyí tó bá ní 8 tàbí 9 nínú á bọ́, torí kò sí 8 àti 9 nínú ìṣirò ẹlẹ́jọ, á sì dúró bí ọ̀rọ̀. Èyí tó bá jẹ́ pé 0 sí 7 nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó di nọ́ńbà mìíràn pátápátá. Nínú igba èèyàn, ẹyọ ẹnì kan ni SMS ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin á sì máa bá ilé iṣẹ́ fóònù jà.

*

Ó yá, Pkl fúnra rẹ̀.

Oṣù Èrèlé ọdún 2024 ni Apple gbé e síta fún gbogbo ayé, lábẹ́ láísẹ́nsì Apache 2.0, tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó kó sì tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe ń pe pickle ni wọ́n ń pè é, kùkúḿbà inú ọtí kíkan tí wọ́n máa ń kì sáàárín bọ́gà. Orúkọ yẹn ṣì máa dá wàhálà sílẹ̀ níwájú, ẹ dúró ná.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò tètè lóye ni pé kò pọn dandan kí sẹ́fà rẹ mọ Pkl rárá. Ìwọ lo máa kọ Pkl, Pkl á yẹ ohun tó o kọ wò, tó bá dára, á tu YAML tàbí JSON, ìbátan rẹ̀, jáde, ìyẹn ni sẹ́fà máa kà gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. Àtìgbà tó ti jáde ni wọ́n ti ṣe ọ̀nà fún àwọn èdè kóòdù bíi Java, Kotlin, Swift àti Go láti kà á tààrà. Èmi ò lo ìyẹn. Python ni pọ́ǹpù mi.

Tèmi rèé, mo gé e kúrú:

    class Igba {
      aago: String(matches(Regex(#"\d\d:\d\d"#)))
      iseju: Int(isBetween(5, 90))
    }

    irole: Igba = new {
      aago = "18:00"
      iseju = 30
    }

Ẹ wo ìlà aago: ọ̀rọ̀ ni, nọ́ńbà méjì, kólọ́ọ̀nù, nọ́ńbà méjì. Ẹ wo iseju: kò gbọ́dọ̀ dín ní márùn-ún, kò gbọ́dọ̀ ju àádọ́rùn-ún lọ. Lọ́jọ́ kan mo tẹ 300 níbi tí mo ti fẹ́ tẹ 30. Mo ní kó tu YAML jáde, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó fi ìlà náà hàn mí, ó tọ́ka sí isBetween(5, 90), ó ní 300 ni mo fún òun. Wákàtí márùn-ún ni 300 yẹn. Kànga tó ti ń gbẹ, kí pọ́ǹpù máa fa afẹ́fẹ́ fún wákàtí márùn-ún! Owó ẹ̀rọ tuntun nìyẹn, ojú mi náà sì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo sì tún un kọ, tó tu YAML jáde, òun fúnra rẹ̀ ló fi àmì àyọlò sí 18:00. Bí ON bá wà níbẹ̀, á fi sí i. Ó mọ̀ pé ẹni tó máa kà á lè jẹ́ ará 1.1, kò sì dúró kí n rántí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú èdè náà, amends, òun ló jẹ́ kí n dúró tì í. Télọ̀ mi ní Sábó ní ìwé kan tó kọ ìwọ̀n gbogbo wa sí. Tí mo bá gbé aṣọ tuntun dé, kì í tún mi wọ̀n láti ọrùn dé kókósẹ̀. Á ṣí ojú ewé mi, á fi téèpù yí mi níkùn, á ní "Bọ̀dá, íǹṣì méjì ti wọlé síbí o," á kọ ìyẹn nìkan. Ìyókù wà bó ṣe wà. Amends nìyẹn. Mo ní fáìlì ìpìlẹ̀ kan fún pọ́ǹpù. Ilé kejì tí mo so tiwọn, ní Modákẹ́kẹ́, fáìlì rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́rin lọ: ó sọ pé òun tẹ̀ lé ìpìlẹ̀ yẹn, ó yí aago ìdájí padà, ó tán. Nínú YAML, mi ò bá da gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kejì ni, ọjọ́ tí mo bá sì tún ọ̀kan ṣe ni màá gbàgbé èkejì.

*

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni nínú ọgbà bi mí pé kí ló dé tá ò kúkú fi Python kọ config náà, ṣebí Python náà ló ń kà á.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fi import kan (kóòdù tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn) síbẹ̀, ẹlòmíràn ní kí config lọ bi íntánẹ́ẹ̀tì ní nǹkan kó tó dáhùn, ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sùn, config ò ṣí. Fáìlì tó yẹ kó máa sọ pé aago báyìí ni, ó ti di ẹni tó lè pa fáìlì rẹ́. Pkl náà lè ka fáìlì mìíràn, ó lè ka ohun tó wà nínú environment, ìyẹn àwọn ètò tí kọ̀ǹpútà ti ní lọ́wọ́, àmọ́ ẹ lè pààlà fún un nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí i pé ibi báyìí ni kó wò mọ.

Wọ́n wá ní, ó dáa, JSON Schema ńkọ́? Ẹ fi YAML yín sílẹ̀, ẹ kọ schema tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Níbí, mo dọ̀bálẹ̀. Ká ní mo ní schema tó sọ pé aago gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, tí mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbé e sórí Pi, 1080 ì bá ti hàn lórí láptọ́ọ̀pù mi. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní schema tó sì ń lò ó, kó jókòó jẹ́ẹ́, kò nílò èdè tuntun kankan. Ẹjọ́ mi kan ṣoṣo ni pé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ilé iṣẹ́ tí mo dé tí mo bá schema wọn níbẹ̀ ò pé mẹ́ta. Fáìlì kejì ni, èdè rẹ̀ yàtọ̀, ó gùn, ojú ń ro èèyàn tó bá ń kà á. Nínú Pkl, ibi tí mo ti ń kọ aago ni mo ti ń sọ irú ẹni tí aago jẹ́. Ọ̀lẹ ni mí. Ohun tó bá wà níwájú mi ni mò ń ṣe.

*

Kí ẹ má baà rò pé wọ́n sanwó fún mi, ẹ gbọ́ àwọn ibi tó ti bí mi nínú.

Àkọ́kọ́, ó ní ọ̀nà dídùn kan láti kọ ìwọ̀n àkókò: 45.min, 2.h. Mo rí i, inú mi dùn, mo pa Int tẹ́lẹ̀ (odidi nọ́ńbà) rẹ́, mo fi Duration (ìwọ̀n àkókò) sí i. Mo ní kó tu YAML jáde. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa kọ Duration sínú YAML. Ó tọ̀nà, YAML ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àfi kí n kọ converter tó máa sọ fún un bó ṣe máa yí i padà. Kò le, ṣùgbọ́n agogo méjìlá òru ni, ẹni tó fún èèyàn ní oyin kì í tún ní kó lọ wá ṣíbí wá. Mo padà sí Int.

Èkejì ni ti orúkọ yẹn. Fáìlì Pkl máa ń parí sí .pkl. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ibi tí mò ń lọ: .pkl kan náà ni àwọn ará Python fi ń tọ́jú pickle, níbi tí wọ́n ń kó módẹ̀lì wọn sí. Nínú .gitignore wa, fáìlì tó ń sọ ohun tí git, ibi tá a ń kó kóòdù pamọ́ sí, ò gbọ́dọ̀ kó, láti ọdún gbọọrọ, ìlà kan wà níbẹ̀, *.pkl, kó má baà di pé ẹnì kan gbé módẹ̀lì ńlá lọ sórí git. Mo kọ config mi, mo ní git add gbogbo rẹ̀, git ò wí nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹnì kejì mi bi mí pé config dà. Láptọ́ọ̀pù mi nìkan ló wà! Ká ní ó bọ́ sínú omi lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Ẹ̀kẹta, ètò tó ń ṣí i kì í ṣe nǹkan kéékèèké láti fà wálẹ̀ pẹ̀lú dáta orí fóònù. Ẹ wá Wi-Fi.

Ẹ̀kẹrin ló le jù, kì í sì í ṣe ẹ̀bi èdè náà. Ta ló máa kà á? Àbúrò, o ní èèyàn méjì lẹ jẹ́. Tí ẹnì kejì bá jápa lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìwọ lo jápa ńkọ́? YAML, burúkú dára, gbogbo ẹni tó bá ti fojú kan sẹ́fà rí ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá gbà sípò rẹ máa ṣí fáìlì, á rí amends, á rí matches àti Regex, á pariwo orúkọ rẹ láti Lágere.

*

Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, kò sí bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe máa pẹ́ tó kí ẹnì kan má mú Ifá wọ̀ ọ́. Ojú odù mẹ́rìndínlógún lọ́nà mẹ́rìndínlógún, 256; àmì ẹyọ tàbí àmì méjì lórí ìyẹ̀rosùn, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, báìtì kan gẹ́lẹ́. Ìṣirò náà pé, mi ò jiyàn. Kò bá mi tan pọ́ǹpù.

Àmọ́ ẹni tó fi kún un pé tí babaláwo bá ń kì láàárín ẹgbẹ́, tó ṣì í kì, àwọn tó jókòó tì í kì í jẹ́ kó dé ìparí kí wọ́n tó dá a dúró, ẹni yẹn sọ̀rọ̀. Láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ti ń mú àṣìṣe náà, kì í ṣe nílé ẹni tó wá dá Ifá. Láptọ́ọ̀pù mi ni mo fẹ́ kí wọ́n ti dá mi dúró, kì í ṣe níwájú garawa.

*

Nípa "Apple, ọ̀fẹ́? Ẹ dúró kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín."

Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Oṣù Ògún ọdún 2023 ni HashiCorp kéde pé Terraform, ohun èlò wọn fún títo sẹ́fà, máa kúrò lábẹ́ láísẹ́nsì ọ̀fẹ́ MPL bọ́ sí Business Source License tó ń dín ohun téèyàn lè fi ṣe kù, ọ̀pọ̀ tó ti kọ́lé lé e lórí fò sókè. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Wọ́n mú ẹ̀dà tó ti jáde tẹ́lẹ̀, wọ́n fi í dá OpenTofu sílẹ̀, ó wà lábẹ́ Linux Foundation. Ohun tí wọ́n ti fi sílẹ̀ lábẹ́ Apache 2.0, wọn ò lè wá gbà á padà lọ́wọ́ rẹ. Tọ̀la ni wọ́n lè yí.

Ohun tó ń já èmi láyà yàtọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n máa tì í, pé ó lè sú wọn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi YAML tí Pkl bá tu jáde sínú git pẹ̀lú Pkl fúnra rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn kan ní ìdọ̀tí nìyẹn, pé ohun tí ẹ̀rọ bá kọ kì í wọ git. Ẹ jẹ́ kó dọ̀tí. Ọjọ́ tí Pkl bá kú, màá pa .pkl rẹ́, màá máa fọwọ́ tún YAML mi ṣe bíi ti àtijọ́, omi ò sì ní dá. Lórí ti 0.25 tó ń bà ọ́ lẹ́rù náà, ìdáhùn kan náà ni: bí wọ́n bá yí nǹkan padà nínú èdè náà lọ́la, láptọ́ọ̀pù rẹ ló máa kọ́kọ́ ké, sẹ́fà ò ní mọ̀.

*

Sí àwọn tó béèrè pé ṣé Pkl nìkan ló wà nínú irú rẹ̀: rárá o. Jsonnet wá láti Google, ó ti pẹ́. CUE, ẹni tó dá a sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí config ní Google kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dára, orí mi ò gbà á. Dhall mú un ní òfin pé kò sí ohun tó o kọ tí kò ní parí, kò lè máa yí po títí ayé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò, kó lọ síbẹ̀. Mo mú Pkl torí pé bàbá tó ń ṣọ́ ilé lè wo fáìlì mi lórí fóònù kó sọ pé "30 ni ẹ kọ síbí, 40 ni mo ní." Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó béèrè nípa àmì ohùn, ìbéèrè rẹ dára ju bó o ṣe rò lọ. Tó o bá fi "ọjà" ṣe orúkọ nínú YAML, ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ yẹn: lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí o lásán tí wọ́n wá fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú ò lè dá wọn mọ̀. Fóònù lè kọ ọ̀kan, láptọ́ọ̀pù kọ èkejì, YAML á sì gba méjèèjì bí orúkọ méjì, kò ní fọhùn. Kíláàsì Pkl kì í gba orúkọ tí kò mọ̀, nítorí náà wàá gbọ́. Síbẹ̀, fún orúkọ inú kóòdù, kọ "oja" kó o sì sinmi. Fi àmì ohùn sí ohun tí èèyàn máa kà.

*

Àbúrò ti padà wá. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo fi gbogbo rẹ̀ han ọ̀gá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, kí ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

Sọ fún ọ̀gá pé bí YAML 1.1 ṣe ń sọ gbogbo nǹkan di bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ló gbé wa débí.

Nínú ogójì yẹn, wá èyí tí àkókò, nọ́ńbà fóònù tàbí lẹ́tà ìpínlẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ẹ sì máa ń tún ṣe lóṣooṣù. Mú ẹyọ kan. Kọ ọ́ ní Pkl, kó tu YAML jáde, fi èyí tó tu jáde wé ti tẹ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra, joko tì í, torí bóyá ti tẹ́lẹ̀ ló ti ń parọ́ fún yín látọjọ́ yìí. Lo oṣù méjì pẹ̀lú ẹyọ yẹn. Jẹ́ kí ẹnì kejì rẹ náà fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ìwọ má bá a sọ̀rọ̀, wò ó. Tó bá ń kérora, ẹ fi mọ síbẹ̀. Àwọn fáìlì ìlà mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọdún méjì, fi wọ́n sílẹ̀, má jí wọn. Lónìí, kó o tó ṣe nǹkan kan, ṣí .gitignore yín.

Mo ń bọ̀, bàbá ń pè láti Parakin. Ó ní táńkì ti kún, omi ń ṣàn dé ojú títì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, kànga ti kún, ìṣẹ́jú 45 ìdájí ti pọ̀ jù. 45 wà láàárín 5 àti 90, Pkl ò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Mò ń yí i sí 20.